Ikú Kan, Eré Méjì: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Láti oṣù tó kọjá tí a ti kéde sáà eré tuntun ẹgbẹ́ wa ni lẹ́tà yín ti ń ya wọlé. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìfẹ́. Fún ẹni tí kò rí ìkéde náà: láti oṣù Ọ̀wàrà títí dé oṣù Ọ̀pẹ, eré mẹ́rin la ó ṣe ní gbọ̀ngàn wa n'Íbàdàn. Àwọn náà ni Ọba Wàjà ti Dúró Ládípọ̀, Ikú Olókùn Ẹṣin tí Wọlé Ṣóyínká kọ tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ kọ nípa Ìyálóde Ìbàdàn kan láyé àtijọ́, àti Women of Owu ti Fẹ́mi Òṣófisan. Ẹ̀yìn ìtàgé ni èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí wà. Èmi ni mo máa ń di ìwé eré mú, tí mo máa ń sọ fún onílù ìgbà tí yóò wọlé, tí mo máa ń sọ fún oníná ìgbà tí yóò paná. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka orúkọ eré tí ẹ fẹ́ ṣe. Ọba Wàjà àti Ikú Olókùn Ẹṣin, ṣé kì í ṣe ìtàn kan náà ni? Ẹ fẹ́ gba owó wa lẹ́ẹ̀mejì lórí òkú kan ṣoṣo ni? (Bàbá arúgbó kan, Ọ̀yọ́)

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín. Òótọ́ lẹ sọ, ìtàn kan náà ni, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ sì ni ín. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà láàárín àwọn ọdún 1940, Olókùn Ẹṣin, ìjòyè ọba tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́ṣin nínú eré méjèèjì, ló yẹ kó kú tẹ̀lé e. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ mú un. Ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò bàbá. Ládípọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di eré, ní 1964. Ìwé Ṣóyínká jáde ní 1975, Yorùbá tí Ìṣọ̀lá fi gbé e sì jáde ní 1994.

Àmọ́ bí ẹ bá wo méjèèjì, ẹ ó rí i pé ẹni tí Ládípọ̀ nàka sí kọ́ ni Ṣóyínká nàka sí. Nínú Ọba Wàjà, ajẹ́lẹ̀ ló da omi àlàáfíà ìlú rú. Ghana ni Dáwódù, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, ti ń ṣòwò nígbà tó gbọ́ pé ọba ti wàjà. Ó ń bọ̀ wá sìnkú bàbá rẹ̀, ó délé, ó bá bàbá láàyè. Ẹ ronú wò ná: ọmọ tó yẹ kó yọ̀ pé bàbá òun kò tíì kú, ìtìjú ló bò ó.

Ti Ṣóyínká yàtọ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kí Ẹlẹ́ṣin lọ gan-an ló rí wúńdíá kan lọ́jà, ó ní òun fẹ́ ẹ kí òun tó relé. Ìyálọ́jà kìlọ̀ fún un, síbẹ̀ wọ́n fún un ní ìyàwó. Kí ajẹ́lẹ̀ tó rán ọlọ́pàá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ayé ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ tirẹ̀, Olúndé, ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ẹni tí òyìnbó rò pé ó ti di tàwọn ló wá san gbèsè bàbá rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà àṣà dúdú àti àṣà funfun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí ní rìhásà Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Òṣèré kan náà ló ń ṣe Ẹlẹ́ṣin nínú eré méjèèjì, onílù kan náà ló ń lù fún un. A dé ibi tí ìlù ti ń pè é lọ nínú ti Ṣóyínká, tí Olóhùn-iyọ̀, akéwì tó ń kì í, ń bi í léraléra bóyá ó ṣì ń gbọ́ ohùn òun. Onílù fa ọṣán ìyáàlù mọ́ra, ohùn ròkè. Ó wá ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn ń wálẹ̀, ẹsẹ̀ òṣèré náà ń wúwo tẹ̀lé e. A kò mọ̀ mọ́ bóyá ikú ló ń fà á ni tàbí ayé ló dì í mú. Ìwé eré wà lórí itan mi, n kò ṣí ojú ewé. Kò sẹ́ni tó ké sí mi pé kí n ṣí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń wo ibòmíràn.

Ìdí nìyẹn, Bàbá, tí a fi tò wọ́n tẹ̀léra: Ládípọ̀ lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, Ṣóyínká lálẹ́ Àbámẹ́ta. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló wọ méjèèjì. Lórí òkú kan, ẹ̀ẹ̀kan náà la ó gbowó.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Ọmọ méjì ni mo ní, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́tàlá. Èkó ni mo bí wọn sí, Yorùbá wọn kò jinlẹ̀. Èwo ni kí n mú wọn wá wò? (Ìyá ọmọ, Ìkòròdú)

Ọmọ mi, mú àwọn méjèèjì wá wo Ọba Wàjà. Orin àti ìlù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ gbólóhùn kan yóò ṣì mọ ìgbà tí inú ìlú dùn àti ìgbà tí ìlú ń sunkún. Ikú Olókùn Ẹṣin le fún wọn. Yorùbá Ìṣọ̀lá dùn débi pé mo máa ń ka àwọn ibì kan sókè nílé, ṣùgbọ́n òwe lórí òwe ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yóò sùn lọ.

Ẹ̀gbọ́n lè wo Ẹfúnṣetán. Má mú àbúrò wá síbẹ̀ o. Wọ́n bẹ́ orí Àdétutù, ẹrúbìnrin tó lóyún, àwọn òṣèré wa kò sì ní fi ibẹ̀ ṣeré.

Bí eré bá parí, mú wọn wá sẹ́yìn ìtàgé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kékeré kan bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìlù pe orúkọ ọba. Onílù wa kúnlẹ̀ tì í, ó fi gáńgan há a lábíyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ọṣán, ó ní kó sọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ìlù wá sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ọmọ náà kò fẹ́ gbé ìlù sílẹ̀ mọ́.

Nínú ìwé Ẹfúnṣetán, májèlé ló jẹ tó fi kú. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ó tún un ṣe? Àti pé ṣé bó ṣe burú tó nìyẹn lóòótọ́? (Olùkọ́ kan, Ìlọrin)

Tíṣà, a kò ní yí ọ̀rọ̀ kan padà. Eré ni Ìṣọ̀lá kọ, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, bó ṣe kọ ọ́ náà la ó sì ṣe é. Ìtàn sọ pé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, gba oyè Ìyálóde lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1874, àti pé lọ́dún náà gan-an ni àwọn ẹrú pa á nínú ilé rẹ̀.

Ìbéèrè yín kejì ni kò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin yìí ní oko rẹpẹtẹ, ó ń ta nǹkan ìjà fún àwọn jagunjagun Ìbàdàn láwìn, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sì wà lára àwọn tó di ọ̀tá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìkà rẹ̀ sí àwọn aboyún, n kò ní gbè é lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ó dùn mí pé ìkà yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ wo òṣèré wa dáadáa. Kò pariwo. Bó bá ń pàṣẹ pé kí wọ́n bẹ́ orí, ohùn rẹ̀ a rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń bi ọmọ bóyá ó ti jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ohùn yẹn rí, mo sì gbà pé ó rí i.

Mò ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Èdè wo lẹ ó fi ṣe Women of Owu? (Lọ́ńdọ̀nù)

Gẹ̀ẹ́sì, bí Òṣófisan ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni orin arò inú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 2004. Egungun rẹ̀ wá láti inú eré Euripides, ará Gíríìsì àtijọ́, nípa àwọn obìnrin ìlú Troy tí ogun kó. Ẹran ara rẹ̀ jẹ́ ti Òwu tí ogun fọ́ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì ló bọ́ sí, ẹ ó bá a.

Ṣé a lè fi fóònù ká eré náà sílẹ̀? (Ọ̀pọ̀ yín lẹ béèrè èyí)

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́dún tó kọjá, níbi tí àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀ yí òkú ká tí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, fóònù ẹnìkan ké, ó sì gbé e. Omijé tó wà lójú òṣèré wa gbẹ. Ó parí eré náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò padà débẹ̀ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Aago méje ni ìlù yóò dún, a kì í pẹ́. Bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ ní sùúrù lẹ́nu ọ̀nà kí orin àkọ́kọ́ parí. A ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ òsì fún yín.