Ibi tí abẹ́rẹ́ ti jẹ àwo ni kó o wò

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ tó o kọ lánàá lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwo orin ẹ jáde, orin 14. O ní èyí tó o kọ́kọ́ kọ lọ́dún tó kọjá jà nígboro débi pé àwọn ọmọ Poly ń fi ṣe fídíò, ṣùgbọ́n ní báyìí tí odindi àwo dé, àwọn kan ní orin kan ṣoṣo lo kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, àwọn kan ní o ti ń ṣe bí ọmọ Èkó, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan sì fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò. O wá ń bèèrè bóyá kó o san ₦120,000 fún ẹni tó ní òun á bá ẹ wá stream 200,000 (ìyẹn iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì), tàbí kó o yáa gbé àwo mìíràn jáde kíákíá káwọn èèyàn lè gbàgbé eléyìí.

Má san kọ́bọ̀. Má sì sáré ṣe àwo kankan. Èmi ti ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì rí, owó tó tán lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí n ṣe èkejì.

Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni mo gbé tèmi jáde, orin 12. Owó alájẹṣẹ́kù ni mo fi ṣe é, ₦600,000. Ìyá mi tó ń ta aṣọ ní Gbági ló dúró fún mi lẹ́gbẹ́ wọn, o sì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: bí mo bá jẹ gbèsè, òun ni wọ́n máa lọ bá ní ìsọ̀. Orin kejì ni mo gbójú lé. Mo sanwó fún olórin kan tó lórúkọ jù mí lọ kó wá kọ ẹsẹ kan sí i. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló dé, ó lo ogún ìṣẹ́jú, ó bá tiẹ̀ lọ. Fídíò orin yẹn nìkan gbé ìdajì owó ọ̀hún lọ. Orin keje ńkọ́? Wákàtí kan péré la fi gbà á sílẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, pùródúsà ní ká ṣe kíá kó má lọ pa mọ́ wa lójú. Agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni, pẹ̀lú dùùrù díẹ̀, ohùn mi sì ti ń há nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Díẹ̀ ló kù kí n yọ ọ́ kúrò nínú àwo.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó jáde, mo wọ tákísí Micra ní Challenge, mò ń lọ sí Dùgbẹ̀. Iwájú ni mo wà, èmi àti bàbá kan la jọ fún ara wa mọ́ ìjókòó kan. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà kó bá mi ki flash mi bọ rédíò ọkọ̀. N ò sọ pé èmi ni mo kọrin. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Oríkì ni mo fi ṣí i, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó tó ìṣẹ́jú àáyá 45 kí ìlù tó wọlé. Kò dé ìdajì tí dẹ́rẹ́bà fi nawọ́ tẹ̀ ẹ́ kọjá. (Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé Spotify gan-an, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ka orin tí èèyàn ò bá gbọ́ dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Òun àti dẹ́rẹ́bà Micra, ọ̀kan náà ni.) Ó kan orin kejì, olówó iyebíye. Ó jẹ́ kó dé ègbè, ó ní, "Ariwo àwọn wọ̀nyí mà pọ̀ o," ó tẹ̀ ẹ́ kọjá. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ nìyẹn títí a fi kọjá Mọ̀lété.

Ìgbà tó máa kan orin keje, gosíló ti mú wa ní Òkè-Àdó, kò sì fọwọ́ kàn án. Ìyá kan wà lẹ́yìn tó gbé kúlà ẹja sórí itan. Mo ṣàdédé ń gbọ́ kó, kó-kó, kó. Mo bojú wẹ̀yìn. Òrùka ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń lu ìdérí kúlà, ó sì bá agogo orin mi mu wẹ́kú. Ojú fèrèsé ló kọjú sí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Nígbà tí orin parí ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ bá wa dá a padà jàre."

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo sọ̀ ní Dùgbẹ̀, mo lọ sí báńkì, mo gba ₦80,000 tó ṣẹ́kù jáde, mo sì lọ kó o fún ọkùnrin kan tó ní òun máa bá mi ti orin kejì lẹ́yìn.

Stream ọ̀hún wá lóòótọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọjá 90,000. Mo ya ojú fóònù, mo gbé e sórí status, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kí mi kú oríire, ìyá mi ṣàdúrà fún mi. Ọjọ́ tí mo wá fara balẹ̀ wo ibi tí Spotify ti máa ń to ìlú àwọn tó ń gbọ́ ẹ, ìlú mẹ́ta tó wà lókè, n ò mọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, n ò tiẹ̀ lè pe orúkọ ọ̀kan. Ìbàdàn wà nísàlẹ̀ pátápátá, èèyàn 31. Àwọn tó tọ́jú orin náà pamọ́ sórí fóònù wọn kò tó mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, íméèlì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó bá mi pín orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì: wọ́n ní wọ́n rí ayédèrú stream, wọ́n sì ti yọ odindi àwo náà kúrò. Kì í ṣe orin kejì nìkan o. Orin keje bá a lọ, gbogbo link tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹbí àti ará di òfìfo. Mo pe ẹni tó gba ₦80,000. Ó ní kí n máa fi àwo tuntun bọ̀, òun á ṣe mí ní ẹ̀dínwó.

Ó tún wá le ju ti ìgbà tèmi lọ. Láti 2024, bí Spotify bá rí i pé ayédèrú pọ̀ lápọ̀jù lórí orin kan, wọ́n máa ń bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ tó pín in, àwọn yẹn náà á sì gbé e kà ẹ́ lórí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òfin pé orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, kò ní gba owó kankan. Mo mọ̀ pé ìyẹn wà lára ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣírò ó wò: nǹkan bí ogún ìgbà lọ́sẹ̀ ni. Àwọn èrò Micra tó fẹ́ràn orin ẹ lè ṣe é fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá mi ní àwo Dáúdà Epo Àkàrà rẹpẹtẹ, èyí tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, tó kọ orin awúrebe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń nu àwo kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tó o bá gbé òmíràn sójú iná, gbogbo ara ẹ̀ á máa dán, á dúdú kirikiri, àfi ibì kan tó ti funfun bí ẹsẹ̀ tí kò fi ìpara. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi bàbá mi léèrè orin tó fẹ́ràn jù. Ara àwo ti sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o wá nínú fóònù ẹ lálẹ́ òní nìyẹn. Má wo èyí tí stream ẹ̀ pọ̀ jù. Orin àkọ́kọ́ nínú àwo ló sábà máa ń pọ̀ jù, nítorí pé òun ni gbogbo èèyàn ń tẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Wo iye èèyàn tó gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan, kó o wá wo iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Orin tí èèyàn 300 gbọ́ nígbà 1,500, ó ti ń jẹ àwo nìyẹn. Èyí tí èèyàn 2,000 gbọ́ nígbà 2,100, wọ́n kàn yọjú wò ó ni. Wo àwọn tó tọ́jú ẹ̀ pamọ́ pẹ̀lú. Èmi ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, mo sì ní ọ̀kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n n ò ní sọ ọ́, torí pé èmi kọ́ ni mo máa gbọ́ ọ fún àwọn èèyàn. Kó orin mẹ́rìnlá náà sórí flash, wọ Micra láti Àgbówó lọ sí Òjé, kó o pa ẹnu mọ́.

Ní ti àwọn tó ń bú ẹ. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni Wizkid gbé Made in Lagos jáde. Ní sitúdíò tí mo wà ní Mọ́kọ́lá nígbà yẹn, ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé ó ti rọ̀ jù, pé orin oorun ni, èmi gan-an wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2021, orin tí òun àti Tems jọ kọ nínú àwo yẹn kan náà wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó ń jà jù l'Amẹ́ríkà, tí àwa tí oorun ń kùn sì ń fi fò sókè lóde ìyàwó. N ò ní ìwọ ni Wizkid o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà nídìí ẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìwọ, dátà lo fi ń ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn tó máa ń sọ̀rọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá oníkúlà ò tíì gbọ́ ẹ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́, má pè é. Èmi pe tèmi. Mo dúró lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbé mi sórí afẹ́fẹ́, mo wá bú jáde pé kí ló mọ̀ nípa orin. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá olórin, ẹ bá wa kọ ẹsẹ kejì orin tẹ́ ẹ fi ṣíwájú àwo yín." Mo lanu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbàgbé orin ara mi. Wọ́n ṣí rédíò yẹn sílẹ̀ ní ìsọ̀ ìyá mi ní Gbági, oníbàárà kan sì bi í bóyá ọmọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyá mi ní rárá.

Àmọ́ èyí tí wọ́n ní orin ẹ jọra, n ò ní parọ́ fún ẹ, wọ́n jọra. Láti orin 3 dé 6, pùródúsà kan náà, ìlù kan náà, bó ṣe ń yára kan náà, o sì tò wọ́n tẹ̀ léra bí ilé inú ẹ́sítéètì. Èyí tí wọ́n ní o ń ṣe bí ọmọ Èkó, fi í sílẹ̀, wọ́n máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ra bàtà tuntun.

Nǹkan kan wà tó o ò bèèrè, òun ló sì pa mí jù. Ní 2023, ọ̀rẹ́ mi kan rí fídíò ìdána kan, alága ìjókòó ń kọ orin keje mi, gbogbo ilé sì ń gbè é. Ọkàn mi fò. Mo ní kí n tún un gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kíá, àṣé pùródúsà ti ta ìlù yẹn fún ẹlòmíràn, ẹni náà sì ti kọ tiẹ̀ lé e lórí, ó ti gbé e jáde. Tèmi ni wọ́n wá ń pè ní olè. Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, níbi tí olè gbé ń jàre olóhun! N ò ní ìwé kankan lọ́wọ́. A ò kọ nǹkan kan, torí pé ọ̀rẹ́ ni wá, torí pé epo ń tán lọ. Nítorí náà, kó tó di pé o mú orin kan jáde láàárín mẹ́rìnlá wọ̀nyí, lọ bá pùródúsà ẹ pẹ̀lú ewé ìwé kan: orúkọ orin, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe ìlù, ìdá mélòó ni ti ta ni nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú. Bó bá ń bínú pé o ò fọkàn tán òun, jẹ́ kó bínú báyìí tí kò tíì sí owó níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, orin kan yẹn ni kó o gbé kiri fún oṣù mẹ́fà. Má ya fídíò olówó. Kọ ọ́ láàyè, pẹ̀lú agogo àti gìtá kan bó bá jẹ́ ohun tó o rí nìyẹn, ní àpèjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi ìkómọ, níbikíbi tí wọ́n bá ti fún ẹ ní máíkì. Fún àwọn alága ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ti playlist, àkójọ orin tí Spotify fúnra wọn ń ṣe, àwo yìí ti bọ́ lórí ìyẹn, wọn kì í gba orin tó ti jáde. Ó kéré tán ọjọ́ méje kí orin tó jáde lo gbọ́dọ̀ ti fi han wọ́n, kó o fi ìyẹn sọ́kàn fún èyí tó ń bọ̀.

Ó sì dà bíi pé mo rí i nínú ọ̀rọ̀ ẹ pé ẹni yẹn ti gba "àsansílẹ̀ díẹ̀" lọ́wọ́ ẹ. Bó bá jẹ́ òótọ́, pè mí lálẹ́ yìí, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó. A máa kọ̀wé sí àwọn tó bá ẹ pín orin ká tó sùn, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ní kó tẹ̀ síwájú, kí stream ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.