Ẹ BI WÁ: Ọdẹ bọ̀ lófo, ó tún ń rẹ́rìn-ín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dá wa lóhùn. Duluth ní Minnesota ni mò ń gbé, ọmọ Ṣakí ni mí, ọdẹ ni bàbá mi kí wọ́n tó di olóògbé. Bàbá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n ti fẹ́ẹ̀ rẹtáyà, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ ṣọdẹ ẹyẹ nínú oṣù October, mo ní kò burú. A wa mọ́tò lọ sápá àríwá, inú igbó tí fóònù ò ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn gbé ìbọn, èmi gbé búrẹ́dì àti omi, ajá wọn ń sáré níwájú. A ò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá nǹkan kan kàn ṣe fùrùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, àyà mi já, bàbá yìnbọn, ẹyẹ ti lọ. Ó parí nìyẹn. A jókòó sórí igi tó wó, a mu kọfí, wọn ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀, a tún rìn títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Ìgbà tí a padà dé ìdí mọ́tò, ẹ̀rín lẹ́nu bàbá yìí, wọ́n ní ọjọ́ yẹn dáa gan-an, ìgbà wo la tún ń lọ. Ẹ gbà mí, kí ló dáa níbẹ̀? Tí bàbá tèmi bá ti igbó bọ̀ lófo, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ṣé orí bàbá yìí pé? Ṣé kí n tún tẹ̀ lé wọn? *Ọmọ Ọdẹ, Duluth*

Ìdáhùn: Ọmọ Ọdẹ, orí wọn pé jàre. Ẹyẹ tí ẹ lọ wá yẹn, bó ṣe máa ń ṣèèyàn nìyẹn. Ó dá mi lójú pé ruffed grouse ni, mọ̀lẹ́bí àparò tiwa ni, kò tó kílò kan, àwọ̀ ẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ tó wà nílẹ̀. Kì í sá tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Ṣe ló máa lúgọ síbẹ̀, ẹ máa fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó fò, ariwo ìyẹ́ ẹ̀ lásán ti tó láti gba ìbọn lọ́wọ́ èèyàn, nígbà tí ìdí ìbọn á sì fi kan èjìká, ó ti fi igi sáàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ọdẹ tó mọṣẹ́ dáadáa ń tàsé ẹ̀ ju bó ṣe ń bà á lọ.

Igbó igi kan tí wọ́n ń pè ní aspen, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ló fẹ́ràn, èyí tó hù lẹ́yìn tí wọ́n gé àwọn àgbà igi kúrò, tí àwọn kéékèèké wá fún pọ̀ débi pé àwòdì ò ráyè wọ̀ ọ́. Láàárín oṣù September ni wọ́n ti ń ṣí ọdẹ ẹ̀ ní Minnesota, ó sì ń lọ títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àmọ́ ní September ewé ṣì wà lórí igi, ẹ kàn máa gbọ́ ọ ni, ẹ ò ní rí i. Bàbá yẹn mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi dúró di October tí ewé ti pọ́n tó sì ti ń já bọ́. Òfin ní èèyàn lè pa márùn-ún lójúmọ́. Òfin ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹyẹ ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ó tún ní bí iye wọn ṣe máa ń pọ̀ tó tún máa ń wálẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 10, tó bá wá bọ́ sí ọdún tí wọn ò pọ̀, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí ju ìyẹ́ lọ.

Ìgbà tí ẹ jókòó sórí igi yẹn, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, bíi jẹnẹrétọ̀ tẹ́nì kan ń fà, tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tù, tù, tù, tó wá yára lójijì tó sì kú? Akọ ẹ̀ nìyẹn. Orí igi tó wó ló máa ń dúró sí, á máa fi ìyẹ́ lu afẹ́fẹ́ gbì gbì. Ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe é nígbà ìwọ́wé náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni bàbá ń fetí sí tí wọn ò fi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá tiyín wá yàtọ̀. Ẹran ni wọ́n fi ń bọ́ yín, bóyá owó iléèwé yín gan-an wà nínú ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ò lè pa grouse inú igbó kí ẹ wá gbé e tà. Wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀ o, àwọn ọdẹ ń pa ẹyẹ lọ́pọ̀ yanturu, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí àwọn ìlú ńlá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa ẹyẹlé igbó kan tí wọ́n ń pè ní passenger pigeon run, ẹyẹ tó jẹ́ pé tí agbo ẹ̀ bá ń fò kọjá ó ń bo oòrùn, èyí tó kẹ́yìn kú sínú ọgbà ẹranko Cincinnati lọ́dún 1914. Látìgbà náà ni òfin ti ń le sí i, ní 1937 ni wọ́n tún ṣòfin pé kí owó orí tó wà lórí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ àti ọta, tó jẹ́ ìdá 11 nínú 100 lónìí, máa lọ sí títọ́jú ẹranko àti igbó. Nítorí náà ọta tí bàbá yìn tó lọ lásán yẹn, kò lọ lásán tán. Bàbá òyìnbó yìí náà ò ní oníbàárà tó ń dúró, adìẹ kún fíríìjì wọn nílé, ta ló fẹ́ yẹ àpò wọn wò?

Lóòótọ́ àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Àmọ́ tí ẹ bá jókòó ti àwọn ọdẹ Òkè Ògún nídìí ẹmu, ìtàn ẹran tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n pa lọ. Ẹni tó ń sun ìjálá, tó ń ki ẹfọ̀n, tó ń ki àparò, ọbẹ̀ nìkan kọ́ ló wà lọ́kàn ẹ̀. Mo rò pé bàbá yín náà gbádùn igbó, ilé tí wọ́n ń bọ̀ wá bá ló ń bà wọ́n nínú jẹ́.

Ẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ wọ ẹ̀wù tàbí fìlà aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, òfin Minnesota ni, kí ṣòkòtò yín sì nípọn torí ẹ̀gún. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ kí November tó wọlé, torí àwọn ọlọ́dẹ àgbọ̀nrín ń bọ̀ pẹ̀lú ìbọn ńlá. Tó bá wá wù yín láti gbé ìbọn fúnra yín, ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1979 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì ààbò ìbọn kó tó gba láísẹ́ǹsì. Tó bá jẹ́ fisa lẹ fi ń gbé níbẹ̀, tí kì í ṣe green card, ẹ má fọwọ́ kan ìbọn kankan láìbi lọ́yà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọkọ mi àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣọdẹ ẹyẹ ní Upper Peninsula, apá àríwá Michigan níbí, gbogbo wíkẹ́ńdì ìgbà ìwọ́wé, ó ra ìbọn, ó ra bọ́ọ̀tù olówó gọbọi, mi ò tíì rí ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ṣé ẹyẹ ló ń lé lóòótọ́? *Ìyàwó Ọdẹ, Detroit*

Ìdáhùn: Ìyàwó wa, ẹ ka ìdáhùn òkè yẹn ná, ẹyẹ kan náà ni. Láti Detroit dé afárá Mackinac tí wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀ lásán ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣekúṣe á wá ibi tó sún mọ́lé. Tí ẹ bá ṣì ń fura, ẹ yẹ ṣòkòtò ẹ̀ wò kó tó wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ: ẹni tó lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kì í bọ̀ tèèmọ́tèèmọ́. Owó bọ́ọ̀tù ẹ jọ sọ ọ́, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá sì gbé ọ̀kan wọlé, ẹ má bọ̀ ọ́ pẹ́ bí adìẹ ìbílẹ̀, àyà ẹ̀ funfun ó sì tètè ń gan. Ẹ fọwọ́ tú ẹran yẹn wò dáadáa kó tó kan iná, torí ọta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú ẹ̀, owó dókítà eyín sì wọ́n ní Amẹ́ríkà.