Báwo ni mo ṣe máa sọ ibi tí mo ti ṣe IT fún bàbá mi?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. Ọmọ Ìlọrin ni ọ́, Àfáà ni bàbá rẹ, o sì wà ní ìpele kẹrin ní yunifásítì. Èkó lo ti lọ ṣe IT, ìyẹn iṣẹ́ tí yunifásítì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi kọ́ṣẹ́ níta, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. "Ọ́fíìsì lọ́yà" lo pè é nílé. Ní báyìí, bàbá rẹ fẹ́ kí o fún wọn ní nọ́ńbà ọ̀gá ibẹ̀ kí wọ́n lè pè é dúpẹ́, ẹ̀ka rẹ náà sì ń retí ìjábọ̀. O wá ń béèrè bóyá kí o máa purọ́ lọ.

Mi ò ní tí ì dé orí bàbá. Ọmọkùnrin tí o sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n tàn án lórí Facebook lọ sí ilé kan, wọ́n lù ú, wọ́n gba fóònù àti owó rẹ̀, ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní kító. O ní kò béèrè fóònù, kò béèrè owó. "Ṣé màmá mi máa gbọ́?" ló ń tún sọ, tó ń fi etí ẹ̀wù nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀. O bu omi fún un, o jókòó tì í títí lọ́yà fi dé. Ọmọ mi, iṣẹ́ gidi lo ṣe. Ẹni tó bá ní o ti fi iṣẹ́ náà ba ara rẹ jẹ́, èmi ò gbà á gbọ́, kí ìwọ náà má gbà á gbọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ní ìdí. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, kò mọ sórí ìgbéyàwó nìkan. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ wọn tàbí tó ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Torí náà, kí o tó kọ ìlà kan sínú ìjábọ̀, pe lọ́yà ọ́fíìsì yẹn kó bá ọ wò ó. Ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe ni kí o kọ: o gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú, o wá ẹni tó máa gba béèlì rẹ̀, o tẹ̀ lé lọ́yà lọ sí kóòtù. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ló ní ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà, kò sì yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Ṣé o rántí àwọn ọkùnrin tí wọ́n mú ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹgbẹ́dá l'Èkó ní 2018, tí wọ́n ní ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe? Àwọn 47 ni wọ́n gbé dé kóòtù. Ní 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù torí àwọn olùpẹjọ́ kò mú ẹlẹ́rìí wá. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àmọ́ gbogbo ayé ti rí ojú wọn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí lógbúùkù rẹ, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, máa kó mi lọ́kàn sókè ju ìjábọ̀ lọ. O ní o kọ orúkọ ọmọkùnrin yẹn àti ilé ìwé rẹ̀ sí ojú ewé kan. Háà, rárá o! Akọ̀wé ẹ̀ka á kà á, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkópì á kà á, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sì sọ ní Tanke láàárọ̀, kí wọ́n tó kírun Alásárì, ó ti dé Ọjà Ọba. Kàn sí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i l'Èkó, kí ẹ jọ tún un kọ, kí orúkọ má sí níbẹ̀. Ṣe é lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti bàbá, má jẹ́ kí wọ́n pe nọ́ńbà yẹn láìmọ ẹni tí wọ́n ń pè. Bá màmá rẹ sọ ọ́ ná. Lẹ́yìn náà, lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí àlejò, kí o sọ pé àwọn tí wọ́n lù tàbí tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ ni ọ́fíìsì yẹn ń ràn lọ́wọ́. Wọ́n lè bínú. Má bá Àfáà jiyàn Kùráánì, jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Bí wọ́n bá ní kí o dárúkọ ọmọ Ìlọrin tí o bá pàdé níbẹ̀, rán wọn létí hádíìsì tí àwọn fúnra wọn ń wàásù rẹ̀, pé ẹni tó bá bo àṣírí mùsùlùmí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, Ọlọ́run á bo tirẹ̀.

Wọ́n lè bi ọ́ bóyá ìwọ náà wà lára wọn. O ò sọ fún mi, mi ò sì ní béèrè. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe gbèsè tí o gbọ́dọ̀ san lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí owó ilé ìwé àti ibi tí ò ń sùn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Bàbá, iṣẹ́ tí mo ṣe ni mo wá sọ" ti tó.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀, bó bá dáa, bí kò bá dáa.