Báwo ni ìjà ojú omi kan ṣoṣo ṣe lè yí ogun padà?

Ìjà ojú omi máa ń yí ogun padà nígbà tó bá gba agbára orí òkun kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, torí ẹni tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ ti rì kò lè kó ọmọ ogun, epo àti oúnjẹ kọjá omi bó ṣe wù ú mọ́.

Ẹ wo ìjà Midway, erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Japan kojú ara wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ 4, àwọn bàálù Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lu Akagi, Kaga àti Soryu, mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bàálù Japan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iná ti sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Epo àti bọ́ǹbù inú ọkọ̀ fúnra wọn ló tún ń dáná sí i. Wọ́n ba Hiryu, ìkẹrin wọn, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Yorktown nìkan ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí Amẹ́ríkà pàdánù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni pé ó máa ń gba ọdún kí wọ́n tó kan irú ọkọ̀ yìí tán, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà sì lè ṣe púpọ̀ ju ti Japan lọ. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, Amẹ́ríkà ló ń lé bọ̀ ní Guadalcanal, erékùṣù mìíràn ní òkun Pàsífíìkì.

Àmọ́ ìjà ojú omi kì í fi gbogbo ìgbà parí ogun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí ọkọ̀ ogun Faransé àti Sípéènì lójú omi ní Trafalgar lóṣù Kẹwàá ọdún 1805. Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ṣì ṣẹ́gun lórí ilẹ̀ ní Austerlitz lóṣù Kejìlá, ogun rẹ̀ kò sì parí títí di 1815.