Táyà ńlá fún Corolla: rímù ni àbí rọ́bà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Corolla 2005 ni mò ń wà, láti Ògbà lọ sí Marina, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. 195/65R15 ló wà lára táyà ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti jẹ tán. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé abẹ́ ọkọ̀ máa ń ha ilẹ̀ níbi bọ́m̀pù àdúgbò wa, tí òjò bá sì ti rọ̀, ẹ̀rù kòtò abẹ́ omi máa ń bà mí. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n ra rímù 17, pé ọkọ̀ á ga, á sì tún fani mọ́ra. Fọ́kanáísà àdúgbò wa ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun á bá mi wá rímù àti táyà Camry, 215/60R16, pé ó máa wọlé wẹ́rẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Ṣé epo tí mò ń rà ò sì ní pọ̀ sí i?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí ẹ wo ara férémù níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pa dé. Ìwé kékeré kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, nọ́ńbà táyà tí ọkọ̀ náà bá wáyé wà lórí rẹ̀. Corolla ọdún yẹn tó wá láti Amẹ́ríkà kì í ṣe oríṣi kan: òmíràn bá 185/65R15 wá, òmíràn bá 195/65R15 wá. Tó bá jẹ́ 185 ni ìwé tiyín ń sọ, a jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú yín ti gbé e ga díẹ̀ kí ẹ tó gbà á, àyè tó kù fún yín ò sì pọ̀ mọ́. Màá padà síbẹ̀.

Nọ́ńbà ara táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 tó tẹ̀ lé e kì í ṣe mílímítà o, ìdá 65 nínú 100 ti 195 yẹn ni: gíga rọ́bà láti etí rímù dé ojú táyà, tó máa jẹ́ bíi mílímítà 127. 15 ni rímù, ìnṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Rọ́bà wà lókè, rọ́bà wà nísàlẹ̀, nítorí náà ẹ ka 127 yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi rímù kún un (ìnṣì 15 jẹ́ mílímítà 381). Táyà yín dúró ní nǹkan bíi mílímítà 634 àti ààbọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, òun la ó fi wọn gbogbo ìyókù.

Gbólóhùn “táyà ńlá” yìí ló ń da àwọn èèyàn rú. Tí àbúrò yín bá pè é, rímù ló ní lọ́kàn. Rímù 17 tí wọ́n máa ń gbé wọ irú ọkọ̀ yín, 215/45 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ṣe é lókè yẹn: rọ́bà rẹ̀ ò ju mílímítà 97 lọ, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 625. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó máa ga ti lọ sílẹ̀ nìyẹn! Irin ló pọ̀ sí i, rọ́bà ló dín kù. Torí pé irin náà tóbi tó sì ń dán, ojú á máa rò pé ọkọ̀ ga.

Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta rọ́bà tí ẹ pàdánù yẹn gan-an ni tìmùtìmù tó wà láàárín rímù yín àti kòtò Èkó. Oníbàárà mi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, irú Corolla yín ló ń wà. Oṣù Kẹrin ló gbé rímù 17 wọ̀ ọ́, ó ya fọ́tò, ó fi ṣakọ. Kí òjò Oṣù Keje tó dáwọ́ dúró, ó ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, rímù ló wọ́, a bá a tẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ táyà yọ gẹ̀gẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ yẹn, àǹtí mi, okùn inú ẹ̀gbẹ́ táyà ló ti já, afẹ́fẹ́ wá ń ti rọ́bà lásán síta. Kò ṣe é lẹ̀, kò sì ṣe é gbé dé orí bíríìjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè tún un ṣe fún yín ń fi ẹ̀mí yín ṣeré ni. Nígbà tó máa padà wá lẹ́ẹ̀kẹta, rímù 15 rẹ̀ àtijọ́ ló kó sẹ́yìn ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí kò tíì tà á.

Ọ̀rọ̀ òjò tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí táyà bá ṣe fẹ̀ tó ló ṣe máa ń di ilẹ̀ mú tó. Lórí títì gbígbẹ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lórí omi, táyà tó fẹ̀ tètè máa ń léfòó bíi pákó, nítorí omi tó gbọ́dọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ojú rẹ̀ tó kan ilẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ rí lórí Third Mainland Bridge nínú òjò ńlá, tí sítíárì kàn ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, táyà yín ò sí lórí ilẹ̀ lásìkò yẹn, orí omi ló wà.

Ó wá ku fọ́kanáísà yín. Ọmọ iṣẹ́ wa ni, mi ò ní bú u, àmọ́ ó jọ pé kò tíì gbé rímù Camry sún mọ́ Corolla 2005 rí. Ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ló wà lára méjèèjì, ohun tó ń mú kí wọ́n ṣì wọ́n mú nìyẹn. Tí ẹ bá fa òbìrí gba àárín ihò márààrún ti Corolla yín, òbìrí náà á fẹ̀ ní mílímítà 100. Ti Camry jẹ́ 114.3. Kò lè wọ̀ ọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lu ihò tuntun sára rímù kó lè wọlé tipátipá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Ká tiẹ̀ ní ẹ rí rímù 16 tó bá ihò yín mu, 215/60R16 fúnra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 664. Ó fi bíi ìdá 4.7 nínú 100 ga ju tiyín lọ. Ohun tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ni pé ìyàtọ̀ náà ò gbọdọ̀ kọjá ìdá 3. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, táyà á máa ha inú fẹ́ńdà nígbà tí ẹ bá yí sítíárì dópin, mítà ọkọ̀ náà á sì máa parọ́ fún yín: ọwọ́ mítà á dúró lórí 100, eré tí ẹ ń sá á ti sún mọ́ 105. Mítà á ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin kìlómítà 5,000, pé ọ́ìlì tó pààrọ̀, ẹ ti rin bíi 5,235.

Tó bá jẹ́ pé ẹwà náà wà nínú ohun tí ẹ fẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Matrix ọdún 2003 sí 2008 bá Corolla yín tan, ihò nọ́ọ̀tì wọn dọ́gba. Rímù 16 rẹ̀ pẹ̀lú táyà 205/55R16 máa jókòó dáadáa, mílímítà 632 ló jẹ́ lápapọ̀, mítà yín ò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹwà lẹ rà, ẹ ò ra gíga.

Èmi, tó bá jẹ́ ọkọ̀ mi tó ń gba Ògbà lọ sí Marina lójoojúmọ́, rímù 15 yẹn ni màá dúró lé. Bí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn bá ní 195/65R15, ẹ lè gbé e dé 205/65R15: ìdá 2 péré ló fi ga, rímù yín máa gbà á, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì nípọn sí i. Bí ìwé bá ní 185/65R15, ẹ dúró sórí 195 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, nítorí 205 ti kọjá ìdá 4 lórí ti àtilẹ̀wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. 205/65R15 fi mílímítà 13 ga ju èyí tí ẹ ń lò lọ, ìdajì rẹ̀ nìkan ló sì máa dé abẹ́ ọkọ̀, torí ìdajì tó kù wà lókè táyà. Mílímítà 6 àti ààbọ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ máa jẹ níbẹ̀. Kò tó fífẹ̀ ìka ọwọ́ yín kan. Ọkọ̀ tó ń ha bọ́m̀pù lónìí máa ha á lọ́la.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sí táyà, ẹ gbé ọkọ̀ náà sókè kí mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó báyìí, sípíríǹgì rẹ̀ lè ti rẹ̀, ṣọ́kì rẹ̀ lè ti kú. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi téèpù wọn láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, ní ọ̀tún àti ní òsì. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá kúrú, ẹ ti rí i. Ohun tí sípíríǹgì tó ti rẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín lè ju ohun tí táyà lè fún yín lọ dáadáa. Nígbà míì gan-an, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń ha ilẹ̀: ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti já ni, tàbí páìpù èéfín tí rọ́bà tó gbé e dúró ti gé. Ìyẹn ò tó ohun tí à ń torí ẹ̀ ra rímù. Tí wọ́n bá sì ní àwọn á ki rọ́bà bọ àárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́.

Epo ńkọ́? Ẹ̀rù tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ máa ń jẹ epo ju ẹ̀rù inú búùtù lọ, torí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí i, kó sì tún gbé e. Nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Maryland, níbi tí ẹ ti ń gbéra lẹ́ẹ̀kan tí ẹ tún ń dúró, ibẹ̀ ni rímù ńlá ti máa ń gbowó lọ́wọ́ yín. 205/65R15 ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Afẹ́fẹ́ tó dín kù nínú táyà burú jù ú lọ fíìfíì. Ìwé ẹnu ilẹ̀kùn náà sọ iye afẹ́fẹ́. Àárọ̀ kùtù, kí ẹ tó gbéra, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Tí ẹ bá dé Ládípọ̀ tàbí ibikíbi tí ẹ ti fẹ́ rà, ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀ ni ọjọ́ ìbí: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024. Ọdún 4 ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí dídára ọjà, fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà ẹ lò ó tàbí ó sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Láyé ìgbà tí Dunlop ṣì ń ṣe táyà ní Ìkẹjà níbí, ta ló ń béèrè ọjọ́ orí táyà? Ẹ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 195/65R15 tàbí 205/65R15 lára táyà náà. 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 615. Ẹ má ra èyí tó kéré ju ohun tí ìwé ọkọ̀ yín ní kó jẹ́. Ní ti tòkunbọ̀, ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé, síbẹ̀ ẹ ó rí i tí wọ́n tò ó kalẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn ún kó lè máa dán. Ẹ ò lè mọ ohun tó ti rí níbi tó ti wá. Táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ ò tíì kàn yá mi lára ju tòkunbọ̀ olórúkọ lọ.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kí wọ́n bá yín ṣe bálánsì àti aláìmẹ́ǹtì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí sítíárì dópin lọ́tùn-ún, ẹ yí i dópin lósì, kí èèyàn mẹ́rin jókòó sínú ọkọ̀ náà kí ẹ fi gun bọ́m̀pù kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo inú fẹ́ńdà: ibi tó bá ti ha máa ń dán. Táyà 195 tó bá dára jù nínú àwọn àtijọ́ lè wà gẹ́gẹ́ bíi sípéà, kó gbé yín dé ilé, kì í ṣe kó gbé yín dé Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ẹ bá ti wà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún.