Ìṣẹ́jú àáyá 3.7 àti 3.8: ẹsẹ̀ yín ló máa mọ ìyàtọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Porsche sọ pé Cayenne Turbo E-Hybrid ń fi ìṣẹ́jú àáyá 3.7 dé 100 kìlómítà ní wákàtí, BMW sì ní 3.8 ni iX M60 fi ń dé e. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kò sí ìyàtọ̀ láàárín jíìpù háíbíríìdì tó ń gba ṣáàjì, ìyẹn èyí tó ní ẹ́ńjìnnì àti bátìrì pọ̀, àti èyí tó jẹ́ bátìrì pátápátá nìyẹn. Lórí ìwé, ìbejì ni wọ́n. Mo wa háíbíríìdì alágbára kan fún ọdún mẹ́ta kí n tó bọ́ sórí oníbátìrì, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ojú mi ti rí nǹkan.

Nọ́ńbà yẹn, ìgbà tí ọkọ̀ ti gbaradì ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Ṣáàjì kún, taya gbóná, ẹ́ńjìnnì ti ń kùn, awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó tẹ tọ́tù lé e, ó wá tú bíréèkì sílẹ̀ lójijì. Ta ló ń wakọ̀ báyẹn lọ síbi iṣẹ́?

Ọjọ́ tí mo gbọ́n, ojú ọ̀nà tí àlọ àti àbọ̀ jọ ń lò ni. Mo wà lẹ́yìn tírélà kan, bíi 70 là ń sá, iná bátìrì nìkan ni mo fi ń lọ, ẹ́ńjìnnì sùn fọnfọn. Iwájú mọ́, mo yọrí síta, mo tẹ tọ́tù kanlẹ̀. Ọkọ̀ yìí fà díẹ̀, ó wá ṣe bí ẹni tó ń ronú. Ẹ́ńjìnnì ní láti jí, gíà ní láti já wálẹ̀, tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì ní láti kó o jọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju kéèyàn ka ení, èjì lọ. Àmọ́ kí n tó ka èjì tán, ọkọ̀ mìíràn ti yọ lórí òkè iwájú, ó ń ṣẹ́ iná sí mi. Ìgbà yẹn ni agbára ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ya dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo padà sí ọwọ́ mi, sítíárìnì ti tutù fún òógùn.

Oníbátìrì ò ní wàhálà yẹn. Láti ibi tí mọ́tọ̀ iná ò tíì yí rárá ló ti lè fà tagbáratagbára, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní ju gíà kan ṣoṣo lọ, kò sí èyí tí yóò máa wá. Bí ẹsẹ̀ bá ti wọlẹ̀, ọrùn ti lọ sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ wo BMW nìkan: XM tí wọ́n ṣe ní háíbíríìdì ní agbára ẹṣin 653, iX M60 ní 619. Síbẹ̀, 4.3 ni XM fi ń dé 100. Ó wúwo ju 2,700 kílò lọ, ṣé ẹ rí i, ẹ́ńjìnnì V8 àti bátìrì ló ń gbé pọ̀.

Ẹ má fi ti Amẹ́ríkà wé ti Jámánì o. 60 máìlì ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 97 kìlómítà, àwọn mìíràn sì máa ń yọ ẹsẹ̀ bàtà kìíní tí ọkọ̀ rìn kúrò nínú kíkà. 2.5 tí Tesla kọ fún Model X Plaid, jíìpù oníbátìrì wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kà á.

Kì í ṣe pé oníbátìrì ò ní àléébù. Tí ṣáàjì bá ti ń lọ sísàlẹ̀ nínú tèmi, ìlà aláwọ̀ eérú kan máa ń yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa jẹ agbára lọ díẹ̀díẹ̀ láti apá ọ̀tún. Òtútù ń fa irú rẹ̀ náà. Tó bá sì di eré àsápajúdé, háíbíríìdì ló ni ín: gíà mẹ́jọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ṣì ń fà níbi tó ti ń rẹ mọ́tọ̀ iná. Cayenne yẹn ń sá dé 295, wọ́n ti so iX M60 mọ́ 250. Bóyá ẹ rí ojú ọ̀nà tí ẹ ó ti lò ó ni mi ò mọ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìjáde eré ìje tàn yín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, ẹ má fi sí Sport, ìyẹn ètò ìwakọ̀ eléré, ẹ máa rọra bá 70 lọ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dákẹ́, kí ẹ wá tẹ tọ́tù kanlẹ̀ lójijì. Ẹ máa ka ení, èjì lẹ́nu. Ibi tí ẹ bá kà dé kí ẹ̀yìn yín tó lẹ̀ mọ́ àga, ìyẹn ni nọ́ńbà tí ẹ ń wá.