Ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn

Ẹ kú ìporúúru ọkàn. Ẹ ní ọ̀gá yín ti ta iléeṣẹ́, ẹni tó rà á sì ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí òun tó fún yín ní lẹ́tà tuntun, pé ètò lásán ni. Kì í ṣe ètò lásán o. Mo ti wà níbi tí ẹ wà yìí rí, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí wọ́n tà nígbà tí a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Iye ọdún tí ẹ ti lò ni wọ́n sábà máa fi ń ṣírò owó tó tọ́ sí yín bí iṣẹ́ bá bọ́. Lọ́pọ̀ ibi, òun náà ló ń sọ bóyá ẹ lè pẹjọ́ bí wọ́n bá lé yín láìnídìí. Ẹni tó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọdún wọ̀nyẹn rẹ́. Nínú lẹ́tà tuntun tí wọ́n fún wa, owó oṣù ò yẹ̀, ipò ò yẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n yí, wọ́n sì kọ ọ́ wínníwínní sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì. Obìnrin kan tó ti ń di ìwé níbẹ̀ kí n tó dé buwọ́ lù ú. Nígbà tí ọ̀gá tuntun wá ń dín òṣìṣẹ́ kù, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n kà fún un. Ó ń dùn mí títí di òní.

Àwa tí a kò buwọ́ lù ú pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà kúkúrú kan: a ṣe tán láti máa bá iṣẹ́ lọ, a kò fiṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí kálukú wa bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọ̀gá tuntun fapá jánú, ṣùgbọ́n ó dá ọjọ́ àtijọ́ padà sínú lẹ́tà wa. Ká ní ẹnì kan ló dá lọ bá a ni, mi ò rò pé ì bá gbọ́.

Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n tà gan-an. Bó bá jẹ́ ìpín ìdókòwò iléeṣẹ́ náà ni ẹni tuntun rà, iléeṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ ṣì wà, àwọn tó ni ín nìkan ló yí padà, àdéhùn yín sì ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ọjà àti àwọn oníbàárà ló rà, agbanisíṣẹ́ yín ti di ẹlòmíràn nìyẹn, òfin orílẹ̀-èdè tí ẹ wà ló máa sọ èyí tó kù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 2006 tí wọ́n ń pè ní TUPE ní kí òṣìṣẹ́ bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á, pẹ̀lú àdéhùn rẹ̀ àti gbogbo ọdún rẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n bá jẹ ẹ́ náà di gbèsè ẹni tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbínú sọ níbẹ̀ pé òun ò bá wọn lọ, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn, wọn kò sì ní kà á sí pé wọ́n lé e. Jámánì náà ní irú òfin yìí, ó sì fún òṣìṣẹ́ ní oṣù kan láti kọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ìwé sọ fún un. Gúúsù Áfíríkà ní tiwọn ní abala 197 òfin iṣẹ́ wọn. Ní Nàìjíríà, abala 10 òfin òṣìṣẹ́ ní wọn kò lè gbé àdéhùn òṣìṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, kí aṣojú ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì buwọ́ lù ú. Amẹ́ríkà le jù fún òṣìṣẹ́: ẹni tó ra ẹ̀rọ àti ọjà lè ṣàìgba ọ̀pọ̀ nínú yín.

Kí ọ̀gá àtijọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi dúró ti tábìlì rẹ̀ ni, ó kọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, owó tó kù sí i lọ́rùn àti ọjọ́ ìsinmi tí n kò tíì lò sórí ìwé iléeṣẹ́, ó sì lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín àti ìwé owó oṣù yín pẹ̀lú, torí fáìlì máa ń sọnù nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù wọlé, kó ẹrù jáde.

Ẹ sọ orílẹ̀-èdè tí ẹ wà fún mi. Kí ẹ sì wo orí lẹ́tà tuntun náà: ṣé orúkọ iléeṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀ àbí òmíràn? Ibẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n rà.